Ohun Tí Ṣàíbù Ẹlẹ́gùúsí Ń Lọ Ṣe Lẹ́yìn Àgọ́ Kọ́sítọ́ọ̀mù

Ẹ̀gúsí ni Ṣàíbù ń rà, tó sì ń tà. Ìwòyè-Kétu la jọ dàgbà sí, ọ̀dọ̀ àfáà kan náà la ti jọ kọ́ kéwú, ẹgba kan náà ló nà wá. Abẹ́ igi ọ̀dán tó wà nítòsí mọ́ṣáláṣí ni Ṣàíbù ti ń ra ẹ̀gúsí lọ́wọ́ àwọn obìnrin oko. Bó bá pọ̀ tó, á kó o lọ sí Ayétòrò, tàbí Ìlaròó. Ó ti ń ṣe é kí n tó fẹ́ ìyàwó.

Kò kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò lọ Mẹ́kà. Ohun tó ní ni kóńgò. Kóńgò rẹ̀ kò jìn ju ti ẹlòmíràn lọ, kì í sì í fi ìka tẹ ẹ̀gúsí mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ bó bá ń wọ̀n ọ́n. Àwọn obìnrin mọ̀. Wọ́n á gbé igbá kọjá iwájú àwọn tó kù, wọ́n á wá bá a. Orúkọ rere yẹn ló fi ń jẹun. Ìtọ̀ ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ìtọ̀ ti ń dà á láàmú. Mo mọ̀, torí a jọ ń wọ ọkọ̀ ni. Obì ni èmi ń gbé. Bó bá ní òun fẹ́ tọ̀, ó fẹ́ tọ̀ nìyẹn, kò gba àdúrà. Bó bá wá dé ibi tó fẹ́ tọ̀ sí, á dúró. Á dúró pẹ́. Ìtọ̀ á já díẹ̀, á dáwọ́ dúró, á tún já. Bó bá padà jókòó, á máa ṣe é bíi pé ó ṣì kù. Nílé, Mùínátù ìyàwó rẹ̀ gbé póò sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní ọkọ òun ń dìde lóru ju abiyamọ lọ.

"Ẹ lọ sí ọsibítù, Bàbá Toyibat," ni Mùínátù máa ń wí. Toyibat ni àkọ́bí wọn. Ó wà nílé ọkọ ní Ìbèsè, ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà sìmẹ́ǹtì.

"Àgbà ló dé."

"Bó bá jẹ́ àgbà ló dé, ẹ mú un lọ kí dókítà kí i."

Kò lọ. Àgbo ló ń mu. Omi ni àgbo, omi ló ń di ìtọ̀, ó wá ń dìde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní ọgbọ́n mìíràn kù: ó dín omi mímu kù títí ètè rẹ̀ fi ń bó. Ìtọ̀ rẹ̀ ki, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Èyí tó dùn ún jù ni àlùwàlá. Á ṣe àlùwàlá tán, ìtọ̀ á kán, á lọ tún un ṣe. Ó kúrò ní sàfù iwájú tó ti ń kírun láti ìgbà èwe. Ó lọ dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kó lè tètè jáde.

Ìjọba wá ti ẹnu ibodè. Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni. Kí wọ́n tó tì í, ọ̀nà wa kò ní igi púpọ̀. Igi là ń pè é, torí igi gígùn ni wọ́n fi dábùú ọ̀nà, wọ́n á kan ìṣó mọ́ ọn. Lẹ́yìn tí wọ́n tì í, igi pọ̀. Ti kọ́sítọ́ọ̀mù wà, ti sójà wà, ti ọlọ́pàá wà. Ọkọ̀ á dúró ní gbogbo rẹ̀. Wọ́n á ní ká ṣí búùtù. Wọ́n á fi irin gún àpò ẹ̀gúsí wò bóyá ìrẹsì ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gúsí ló wà nínú rẹ̀.

Ọkọ̀ Habeebullah là ń wọ̀, Pijó àtijọ́ kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan ò ṣeé ṣí láti inú. Bí Habeebullah bá ti tẹ bíréèkì, ìtọ̀ á ti gbọ̀n Ṣàíbù. A óò bá a ṣílẹ̀kùn láti ìta. Á wọgbó lọ. Àwọn èrò á jókòó dè é.

"Bàbá Ẹlẹ́gùúsí, ṣé ẹ̀ ń gbin nǹkan síbẹ̀ ni?" Habeebullah á ké láti inú ọkọ̀.

"Wa ọkọ̀ ẹ."

"Ẹ ò tíì wọlé. Kí n wà á lọ síbo?"

Ní igi tó wà lẹ́yìn Ìmẹ̀kọ, kọ́sítọ́ọ̀mù kan tẹ̀lé Ṣàíbù wọgbó. Ọlájídé lorúkọ rẹ̀, ará Ọ̀wọ̀ ni. Ó rò pé ṣe ni bàbá yìí ń lọ wo ibi tí kò sí ẹ̀ṣọ́, kó lè lọ sọ fún àwọn onífàyàwọ́. Ó bá a níbi tó ti di igi kan mú, tó tẹ orí, tó ń kùn.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?"

"Kí lo rí?"

Ọlájídé yíjú padà.

"Bàbá tèmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ejò wà nínú igbó yìí. Ẹ máa lọ sẹ́yìn àgọ́ wa. A gbẹ́ ihò síbẹ̀, a fi tapólì yí i ká."

Inúure ni. Inúure yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, bí a bá dé igi Ọlájídé, wọ́n á sọ gbogbo wa kalẹ̀, wọ́n á máa tú ẹrù wa. Ṣàíbù á rọra kọjá lọ sẹ́yìn àgọ́. Á pẹ́ níbẹ̀. Bó bá ń bọ̀, Ọlájídé á ní, "Bàbá, ó já?" Ṣàíbù á ní, "Ó já díẹ̀." Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Àwọn èrò tó wà lọ́ọ̀ọ́kán kò gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹ̀rín ni wọ́n ń rí. Wọn kò rí ará Ìwòyè tí òun àti kọ́sítọ́ọ̀mù ń rẹ́rìn-ín rí. Èmi mọ ohun tó ń lọ ṣe. Ṣùgbọ́n Ṣàíbù ti mú mi búra pé mi ò ní sọ.

Ní oṣù kọkànlá, wọ́n gba ìrẹsì àwọn Abdulrasaq. Abdulrasaq ni olórí àwọn tó ń fi ọ̀kadà ru ìrẹsì láti òdì kejì ibodè. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó kọ́ṣẹ́ télọ̀ rí, aṣọ ni kò wá. Wọ́n ní ọ̀nà kan nínú igbó tó jẹ́ pé àwọn nìkan ló mọ̀ ọ́n. Kọ́sítọ́ọ̀mù lọ dúró dè wọ́n níbẹ̀. Wọ́n ju àpò sílẹ̀, wọ́n sá.

Ta ló sọ? Wọ́n jókòó rò ó. Àwọn tó ń bá Habeebullah rìn kò pa ẹnu mọ́. Ṣàíbù ń lọ sẹ́yìn àgọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Ó ń pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rín ló ń rín bọ̀. Kí ló tún kù?

Ẹnikẹ́ni kò nà án. A kì í na àgbà ní Ìwòyè. Wọ́n kàn fi í sílẹ̀ ni. Lọ́jọ́ ọjà, ó tẹ́ àpò sábẹ́ ọ̀dán, ó gbé kóńgò lé e, ó jókòó. Àwọn obìnrin ń gbé igbá kọjá níwájú rẹ̀, wọ́n ń lọ bá ọkùnrin kan tó wá láti Afọ̀n. Lábísí nìkan ló dúró. Láti ọ̀dọ́ ni Lábísí ti ń ta ẹ̀gúsí fún un, ẹnu rẹ̀ kì í sì í di ọ̀rọ̀ sínú.

"Bàbá Ẹlẹ́gùúsí, àbúrò mi wà nínú àwọn tí wọ́n gba ìrẹsì wọn."

"Mo gbọ́."

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sọ."

"Mo gbọ́ ìyẹn náà."

"Ṣé ẹ̀yin ni?"

"Èmi kọ́."

"Kí lẹ wá ń lọ ṣe lẹ́yìn àgọ́ wọn?"

Ṣàíbù wo kóńgò rẹ̀. Lábísí dúró, dúró. Nígbà tó yá, ó gbé igbá rẹ̀ rù, ó lọ bá ará Afọ̀n.

Mo bá Ṣàíbù sọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

"Sọ fún wọn," mo ní.

"Kí n wá jókòó sáàárín ọjà, kí n máa sọ fún àwọn obìnrin pé ìtọ̀ mi kì í já?"

"Ó sàn ju kí wọ́n pè ọ́ ní ọlọ́fòófó lọ."

"Ọlọ́fòófó, irọ́ ni. Irọ́ á kọjá. Ti ìtọ̀, òótọ́ ni."

Kò kọjá. Habeebullah bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọkọ̀ òun ti kún nígbà tí àyè ṣì wà níbẹ̀. Ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń dáhùn sálámà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kì í dúró. Ẹ̀gúsí tó wà nílé rẹ̀ tán, òmíràn kò wọlé.

Oṣù kọkànlá yẹn náà ni ìjọba ní kí wọ́n má gbé bẹntiróòlù wá sí ilé epo tó bá súnmọ́ ibodè. Ilé epo wa gbẹ. Pijó Habeebullah gúnlẹ̀ síwájú ilé, adìyẹ ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Àwọn Abdulrasaq nìkan ló ń rí epo, inú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí.

Ọyẹ́ dé. Eruku bo gbogbo nǹkan. Ọ̀fìnkìn mú Ṣàíbù, imú rẹ̀ dí. Ó ra oògùn ọ̀fìnkìn lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń gbé oògùn kiri nínú abọ́. Ó lò ó lálẹ́, ó tún lò ó láàárọ̀. Imú rẹ̀ là. Ìtọ̀ rẹ̀ há.

Ọjọ́ Jímọ̀ọ́ ni. Mo yà sílé rẹ̀ pé ká jọ lọ kírun. Mo bá a tó di fèrèsé mú, tó ń làágùn nínú ọyẹ́. Ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ yọ síta bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Láti àárọ̀, ẹ̀kán kan kò jáde. Kò lè jókòó, kò lè dùbúlẹ̀.

Mùínátù kò bi í ní ìbéèrè kankan mọ́. Ó fi ìborùn gba ìbàdí, ó jáde. Mo tẹ̀lé e. Ọ̀dọ̀ Habeebullah ló kọ́kọ́ lọ.

"Ìtọ̀ ọkọ mi há. Wa ọkọ̀ ẹ."

"Màmá, kò sí epo." Habeebullah ki igi bọ táǹkì, ó fà á yọ, igi gbẹ. "Ẹ wò ó."

Mùínátù fi í sílẹ̀, ó kọjá lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ibẹ̀ ni Abdulrasaq àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń jókòó sí. Gbogbo wọn ti wọ jàlàbíà, wọ́n ń dúró de àsìkò ìrun.

"Abdulrasaq, ìwọ lo ní epo."

"Ta ló fẹ́ lò ó, Màmá?"

"Bàbá Toyibat. Ọsibítù Ayétòrò là ń lọ."

Abdulrasaq wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Kí wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ wọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Àwọn yẹn ní mọ́tò."

Ọmọ́délé, èkejì rẹ̀, rẹ́rìn-ín. Mùínátù jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tán.

"Ẹ fẹ́ mọ ohun tí ọkọ mi ń lọ ṣe lẹ́yìn àgọ́ wọn? Ìtọ̀ ló ń lọ tọ̀. Kì í já bọ̀rọ̀, ìyẹn ló ṣe ń pẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti wà lára rẹ̀, ìtìjú ni kò jẹ́ kó sọ. Lónìí, ó há. Bó bá jẹ́ irọ́ ni mò ń pa, ẹ dìde, kí ẹ wá fọwọ́ kan ikùn rẹ̀."

Kò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ wá kírun dúró lójú ọ̀nà. Àṣírí tí Ṣàíbù ti ń fi orúkọ ara rẹ̀ bò mọ́lẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tú u síwájú mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́.

Abdulrasaq dìde. Ó tẹ̀lé wa dé ilé Ṣàíbù. Ó fọwọ́ kan ikùn náà, ó sì yọ ọwọ́ rẹ̀ kíá.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Kí n sọ kí ni?" Àárín eyín ni Ṣàíbù ti ń sọ̀rọ̀.

"Pé ìtọ̀ ni."

"Bó bá jẹ́ ìwọ, ṣé wàá sọ ọ́?"

Abdulrasaq rò ó. "Rárá," ó ní. Ó lọ gbé ọ̀kadà rẹ̀.

Wọn kò lè gba títì. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù mọ gbogbo ọ̀kadà wọn ní igi, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé e, aláìsàn á sì wà nílẹ̀. Ọ̀nà igbó ló kù, ọ̀nà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là lẹ́yìn tí wọ́n gba ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọmọ́délé ní kí wọ́n fi aṣọ dì wá lójú.

"Ẹni tí ìtọ̀ há fún," Abdulrasaq ní, "kí ló fẹ́ rí?"

"Èyí ńkọ́?" Èmi ni Ọmọ́délé nàka sí.

"Ìyẹn kì í ríran dáadáa."

Mo ń ríran dáadáa.

Wọ́n fi Ṣàíbù sáàárín. Abdulrasaq wà níwájú, Mùínátù wà lẹ́yìn, ó di ọkọ rẹ̀ mú. Èmi gun ti Ọmọ́délé. Mi ò ní kọ ibi tí ọ̀nà náà gbà. Igi wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀. Ní gbogbo kòtò, Ṣàíbù á ní "Yéè." Ní gbogbo kòtò, Abdulrasaq á ní "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dáhùn ara wọn títí a fi já sí Ayétòrò.

Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, Rọ́fíàt. Ó wo ikùn náà lẹ́ẹ̀kan, kò béèrè káàdì. Ó ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ wọlé, ó so ìdí rẹ̀ mọ́ àpò ọ̀rá. Ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Ṣàíbù gbéyàwó. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó sọ Toyibat lórúkọ. Mi ò rí i kí ojú rẹ̀ rọ̀ tó báyìí rí. Ó ní "Alihamudulilahi," ó sì sùn lọ.

Abdulrasaq ń wo àpò ọ̀rá tó ń kún.

"Bàbá yìí ru ẹrù ju tèmi lọ," ó ní. "Kò sì sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ wọn."

Nígbà tí Ṣàíbù jí, dókítà wá. Ayọ̀dàmọ́lá lorúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin ni, kò tó Toyibat lọ́jọ́ orí. Ó béèrè oògùn tó lò.

"Oògùn ọ̀fìnkìn," ni Ṣàíbù wí.

"Òun ló tì í pa. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ kì í já dáadáa, oògùn ọ̀fìnkìn irú èyí máa ń fún ọrùn àpò ìtọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ má lò ó mọ́ láìbi wá."

Ó ní ẹran kan wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ gbogbo ọkùnrin. Prósítéètì ni wọ́n ń pè é. Ọ̀nà ìtọ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí ọkùnrin bá ń dàgbà, ẹran náà á máa tóbi, á sì máa fún ọ̀nà náà. Ó ní kì í ṣe àtọ̀sí, kì í ṣe pé ó kó o lára obìnrin. Mùínátù ló ń wò bó ṣe ń sọ èyí. Mùínátù ní òun kò wí nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà ó ní òun á gba ẹ̀jẹ̀, òun á sì fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò láti ihò ìdí, kí òun lè mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ kọ́ ló fara pamọ́ síbẹ̀. Ṣàíbù wò mí. Mo wo àjà.

"Ìka ta ni?" ó béèrè.

"Tèmi, Bàbá."

Ṣàíbù wo ìka náà dáadáa. "Ó tín-ín-rín," ó ní. "Kò burú."

Wọ́n sọ fún wa pé ká jáde. Nígbà tí wọ́n pè wá padà, kò sẹ́ni tó béèrè ohunkóhun. Dókítà ní ẹran náà tóbi, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń dán, kò le bí òkúta, ohun tí òun ń fẹ́ nìyẹn.

"Kí ni ṣíṣe?" Mùínátù béèrè.

"Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ṣíṣọ́ la kàn ń ṣọ́ ọ. Wọ́n á dín ohun mímu kù bó bá di alẹ́. Tíì, kọfí, obì, wọ́n á fi í mọ níwọ̀n." Ṣàíbù tún wò mí, torí èmi ni mò ń fún un lóbì. "Ṣùgbọ́n wọ́n á mu omi lọ́sàn-án. Èyí tí Bàbá ń ṣe, tí ọ̀fun wọn ń gbẹ láti àárọ̀, kò dáa. Ó wá jẹ́ pé tiwọn ti kọjá ká kàn máa ṣọ́ ọ. Oògùn kan wà tó ń dẹ ọ̀nà náà. Kì í pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Ó lè mú òòyì kọ́ wọn bí wọ́n bá sáré dìde, torí náà ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sùn ni kí wọ́n máa lò ó. Òmíràn wà tó ń mú ẹran náà sún kì. Sùúrù ni ìyẹn ń fẹ́, ó lè tó oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n lára."

"Kò ní mú nǹkan mìíràn sún kì?" Ṣàíbù béèrè.

"Nǹkan wo, Bàbá?"

Mùínátù ló bá a sọ ọ́. "Ó ń béèrè pé ṣé òun á ṣì lè ṣe ọkọ."

"Ó máa ń dín in kù lára àwọn mìíràn. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wá sọ fún mi, kí wọ́n má kàn dá oògùn dúró."

"Èmi ti bímọ tèmi," Mùínátù ní. "Kó ṣáà máa sùn."

Mo béèrè nípa iṣẹ́ abẹ. Ó ní wọ́n ń ṣe é ní Abẹ́òkúta, fún ẹni tí oògùn kò bá ràn lọ́wọ́, tàbí tó ń há fún léraléra, tàbí tó ti fẹ́ ba kíndìnrín jẹ́. Ó ní kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń la ikùn fún. Wọ́n lè gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ wọlé, wọ́n á ha inú rẹ̀ kó gbòòrò. Bó bá ti tóbi jù ni wọ́n ń là á. Ó ní ọ̀pọ̀ ló ń rí ìtura níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣì fẹ́ bímọ gbọ́dọ̀ bi dókítà dáadáa kó tó ṣe é.

Ṣàíbù ní kí wọ́n fún òun ní oògùn méjèèjì. Ó ní bí wọn ò bá gbọ́ràn, òun á mọ ọ̀nà Abẹ́òkúta.

Ó gbé rọ́bà náà lọ sílé, àpò rẹ̀ wà lábẹ́ ṣòkòtò. Nígbà tó tó àkókò láti yọ ọ́, Abdulrasaq gbé kẹ́ẹ̀gì kan wá, ó rọ epo rẹ̀ sínú Pijó. Habeebullah lé adìyẹ kúrò. Iwájú ló ní kí Ṣàíbù jókòó sí. Lábísí náà bá wa lọ, ó ń gbé ẹ̀gúsí lọ sí ọjà Ayétòrò.

Rọ́fíàt yọ rọ́bà. Ó gbé omi fún un. "Bí ẹ bá tọ̀, ilé yá. Bí ẹ ò bá tọ̀, a óò dá a padà." Ṣàíbù mu omi. Ó ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọgbà ọsibítù bí ẹni tó ń dúró de àbájáde ìdánwò. Mùínátù ń ka tẹ̀súbáà. Nígbà tó yá, Ṣàíbù wọ ilé ìtọ̀ lọ. A dúró síta. A gbọ́ ọ. Kì í ṣe ìró ìtọ̀ ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró láàárín. Ṣàíbù jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò fi nǹkan burúkú hàn, kó padà wá kí òun tún un yẹ̀ wò.

Bí a ti ń darí bọ̀, a dé igi tó wà lẹ́yìn Ìmẹ̀kọ. Ọlájídé wà níbẹ̀. Wọ́n tú ẹrù. Ṣàíbù jókòó síbi tó jókòó sí.

"Bàbá, ẹ ò lọ sẹ́yìn lónìí?"

"Kò gbọ̀n mí. Ó há, wọ́n ti tú u. Mò ń lo oògùn."

Ọlájídé fi apá lé ojú fèrèsé. "Oògùn wo? Torí bàbá mi."

Ṣàíbù yọ páálí oògùn fún un, ó jẹ́ kó kà á. Ó ní kó má rà á ránṣẹ́ lásán o, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ bàbá náà wò. Ó ní kí bàbá ṣọ́ra fún oògùn ọ̀fìnkìn. Ó sọ fún un nípa ìka. Ọlájídé rẹ́rìn-ín títí. Ó wá nu ojú rẹ̀.

"Ọjọ́ wo ló há?"

"Ọjọ́ Jímọ̀ọ́."

"Mo wà níbí lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́. Ọkọ̀ yín kò kọjá." Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ibo lẹ gbà dé Ayétòrò, Bàbá?"

Habeebullah tẹjú mọ́ sítíárì. Lábísí di igbá rẹ̀ mú. Ọmọ tó ṣe inúure fún un ló ń bi í yìí.

"Ọmọ mi," Ṣàíbù ní, "ọkùnrin tí ìtọ̀ há fún, ikùn rẹ̀ nìkan ló ń wò."

"Ẹ ò rí ọ̀nà?"

"Kòtò ni mo mọ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀. Mi ò rí ọ̀nà."

Ọlájídé wò ó. Ó wò mí. Mo ń wo ewé. Ó rìn lọ sídìí igi, ó gbé e kúrò lọ́nà.

"Ẹ kí Màmá fún mi," ó ní. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni Mùínátù wà, ó sì dá a lóhùn.

A kọjá Ìmẹ̀kọ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Lábísí ni.

"Bàbá Ẹlẹ́gùúsí, ẹ̀gúsí mi ṣẹ́kù. Ṣé ẹ óò gbà á?"

"Ará Afọ̀n ńkọ́?"

"Kóńgò rẹ̀ jìn."

"Gbé e wá lọ́la," Ṣàíbù ní.

Lọ́jọ́ kejì, igbá pọ̀ lábẹ́ ọ̀dán. Abdulrasaq wá kí i, ó dọ̀bálẹ̀, Ṣàíbù ní kó dìde. Ẹni tó sọ ọ̀nà àkọ́kọ́ fún kọ́sítọ́ọ̀mù, a kò mọ̀ ọ́n títí di òní. Ti ọ̀nà kejì, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́.

Ẹnu ibodè ṣì wà ní títì. Ṣàíbù ti padà sí sàfù iwájú. Ó ní òun ṣì ń dìde lóru, ṣùgbọ́n kò tó ti tẹ́lẹ̀, Mùínátù sì ti gbé póò náà lọ sídìí adìyẹ, ó ń fi bu omi fún wọn. Bí ọjà bá ti tú, àwọn àgbààgbà máa ń yà sábẹ́ ọ̀dán lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè iye tí ẹ̀gúsí ń lọ. Wọn kì í ra ẹ̀gúsí. Wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, wọ́n á wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ṣàíbù kì í rẹ ohùn tirẹ̀ sílẹ̀. Á ní, "Ṣé kì í já ni, àbí ó ń kán?" Habeebullah ti ń pe ìrìn Ayétòrò ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní ọkọ̀ àwọn bàbá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni èmi náà ń lọ. Mo ti bi Ṣàíbù bóyá dókítà yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ó ní ó wà níbẹ̀, ìka rẹ̀ kò sì tíì sanra.